Ọjà tí o lè fọwọ́ sọ̀yà: ìtọ́sọ́nà fún alágbàtà orí íntánẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ Òkun

Iṣẹ́ alágbàtà orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣòroó ṣàlàyé. Ilé iṣẹ́ kan ní ọjà, ó fún ọ ní líǹkì tó ní àmì tìrẹ nínú. Ẹni tó bá tẹ líǹkì náà tó sì rajà, wọ́n á yọ kọmíṣọ̀n fún ọ nínú owó tó san. O ò kó ọjà pamọ́, o ò gba ṣọ́ọ̀bù, o ò ru ẹrù lọ sí gáréèjì. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ tìrẹ nínú òwò náà ni ọ̀rọ̀ tí o sọ tí ẹnì kan fi gbà pé kóun rà á.

Ẹni tó ń ṣe é l'Ékòó lè máa tajà fún ẹni tí kò ní fojú kàn láé. Nílẹ̀ Òkun tiwa ní ìpínlẹ̀ Kogi, ní Kàbà, Ìsánlú, Mọ̀pà tàbí Ẹ̀gbẹ̀, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń wo status rẹ lórí WhatsApp mọ agboolé yín, ó mọ ṣọ́ọ̀ṣì tí ìyá rẹ ń lọ, ó sì lè jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kaduna tàbí Àbújá ló fi owó tó fẹ́ fi ra ọjà tí o polówó ránṣẹ́. Bí ọjà náà bá jẹ́ fáànù, tó sì kú lọ́jọ́ kẹta, wọn ò ní pe ilé iṣẹ́ kankan. Ẹnu ọ̀nà yín ni wọ́n máa gbé e wá, bí o bá sì wà nílé, ìwọ lo máa gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí yíyan ọjà fi ju bí a ṣe ń kọ ìpolówó lọ. Ẹni tó bá yan ọjà dáadáa lè kọ ìpolówó wótowòto kó ṣì tà. Ẹni tó yan ọjà burúkú, bó ṣe mọ ọ̀rọ̀ sọ tó ni ìtìjú rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó.

Ìdánwò mẹ́ta la máa fi mọ̀ pé ọjà kan dá ọ lójú. Àkọ́kọ́, o ti lò ó, tàbí o ti wà pẹ̀lú ẹni tó ń lò ó débi pé o rí i nígbà tí inú rẹ̀ ò dùn sí i. Ìkejì, o lè sọ àléébù rẹ̀ kan ó kéré tán láìronú. Bí o kò bá rí àléébù kankan sọ, o ò tíì lò ó tó. Ìkẹta, bí wọ́n bá yọ kọmíṣọ̀n náà kúrò pátápátá lónìí, o ṣì máa ní kí àbúrò ìyá rẹ lọ rà á. Ọ̀pọ̀ ọjà ló máa ń ṣubú níbi ìkẹta yìí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: inú ilé ni kí o ti bẹ̀rẹ̀

Má tíì forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Mú ìwé àti bírò, rìn yí ilé ká, láti yàrá dé ilé ìdáná, dé ibi tí irinṣẹ́ oko wà. Kọ gbogbo ohun tí ẹ fi owó rà ní ọdún méjì sẹ́yìn tó ṣì ń ṣiṣẹ́: iná sola, tọ́ọ̀ṣì, bàtà òjò, ẹ̀rọ ìlọta, fóònù, ẹ̀rọ tí bàbá ń gbé kọ́ ẹ̀yìn fi fín oògùn sóko. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ iye tí ẹ rà á, ìgbà tí ẹ rà á, ohun tó ti bàjẹ́ lára rẹ̀, àti bóyá ẹ ṣì máa ra irú rẹ̀. Ohun márùn-ún sí mẹ́wàá tó bá kù lórí ìwé náà ni ọjà rẹ.

Ìgbà yìí ni kí o wá wádìí bóyá ẹni tó ń tà á ní ètò fún alágbàtà. Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà ni pé wọ́n á kọ́kọ́ wo ibi tí kọmíṣọ̀n ti pọ̀, wọ́n á wá máa wá ohun tí wọ́n máa sọ nípa ọjà ibẹ̀. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé, irọ́ ló máa bá jáde, kódà bí kò bá ní in lọ́kàn.

Bí o kò bá lówó láti ra ohun tí o fẹ́ dán wò, yá a lọ́wọ́ ẹni tó ní in fún ọ̀sẹ̀ kan, tàbí kí o bẹ ọlọ́jà pé kó fún ọ ní ẹyọ kan láti dán wò. Bí wọ́n bá fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́, o gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nínú ìpolówó rẹ pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún ọ.

Ṣírò rẹ̀ kí ojú rẹ tó wọ kọmíṣọ̀n

Ká ní power bank kan jẹ́ 18,000 náírà, kọmíṣọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 5 nínú 100. Owó tó máa kàn ọ́ lórí ẹyọ kan jẹ́ 900 náírà. Bí o bá fi owó ara rẹ ra ọ̀kan láti dán wò, o gbọ́dọ̀ ta 20 kí owó yẹn tó padà. Nítorí náà, ohun tí ilé yín nílò ni kí o máa rà dán wò. Bí kò bá ta rárá, ẹ ṣì ń lò ó.

Wá fi wé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà ní 20,000 náírà tí kọmíṣọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdajì. Ẹyọ kan ṣoṣo, 10,000 náírà. Ó ju kọmíṣọ̀n power bank mẹ́wàá lọ. Ìdí tó fi ń pọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé ẹni tó ṣe ẹ̀kọ́ náà kò ná nǹkan kan lórí ẹ̀dà tuntun. Lórí ClickBank, ìkànnì tí alágbàtà ti ń rí irú ọjà bẹ́ẹ̀ polówó, àwọn ọjà mìíràn ń fún alágbàtà ní 75 nínú 100. Kò sóhun tó burú nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ ni ìdẹwò wà, torí owó náà lè mú kí o polówó ohun tí o kò kà parí.

Ìgbésẹ̀ kejì: yẹ ìwé ọjà náà wò

Ohun jíjẹ àti ohun mímu tí wọ́n dì tà, ọṣẹ àti ìpara gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC. Rírí nọ́ńbà lára páálí kò tó. Lọ sí Greenbook tí NAFDAC ní lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wá nọ́ńbà náà, kí o sì fi ohun mẹ́ta wéra: orúkọ ọjà, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, àti irú ohun tó jẹ́. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á mú nọ́ńbà ọṣẹ kan lẹ̀ mọ́ ìpara mìíràn. Fún ohun tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, bí i wáyà iná, wo àmì MANCAP ti SON, àjọ tó ń rí sí i pé ọjà kúnjú òṣùwọ̀n.

Oògùn òyìnbó àti àgbo inú ìgò, fi wọ́n sílẹ̀ pátápátá. NAFDAC ló ń fọwọ́ sí ìpolówó oògùn, kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń gbé sórí status. Ohun tó bá ní òun ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìrọ́mọbí pa pọ̀, iyèméjì kò sí níbẹ̀, irọ́ ni. Ìpara tó ń bó àwọ̀ náà, fi sílẹ̀.

Òfin FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti 2018 kò gba kéèyàn fi ọ̀rọ̀ tí kò jóòótọ́ tajà fún oníbàárà. Òfin ARCON, àjọ tó ń bójú tó ìpolówó, ti 2022 ló ń darí iṣẹ́ náà, ó sì kan ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Pé o kì í ṣe ẹni tó ni ọjà kò sọ pé ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ jáde kì í ṣe tìrẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: dán an wò bí ẹni tó máa fi owó rẹ̀ rà á

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ọjà méjì tí wọ́n ń rà dáadáa lọ́dọ̀ wa la máa fi ṣe àpẹẹrẹ.

Power bank ni àkọ́kọ́, torí bí AEDC ṣe ń mú iná lọ, kò sí ilé tí kò nílò rẹ̀. Iye mAh, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà, tí wọ́n kọ sí i lára jẹ́ ti bátìrì inú rẹ̀, tó wà ní fóltì 3.7. Ihò USB rẹ̀ ń gbé fóltì 5 jáde. Fún 10,000mAh, tó jẹ́ 10Ah, fi 3.7 sọ 10 di púpọ̀, wàá rí wáàtì-wákàtí 37. Pín in sí 5, ó di 7,400mAh. Díẹ̀ tún máa bá ooru lọ nínú ẹ̀rọ náà, nítorí náà ohun tó máa dé ẹnu wáyà kò ju nǹkan bí 6,000 sí 6,700 lọ. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000mAh, ó máa gbà á kún lẹ́ẹ̀kan, ó máa kù díẹ̀, kò lè tó ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ìpolówó bá ní ẹ̀ẹ̀mẹta, o ti mọ ẹni tó kọ ọ́.

Ọ̀nà kejì láti mú òpùrọ́ ni òṣùwọ̀n. Bátìrì olóbìrípo tí wọ́n ń pè ní 18650 ń wọn nǹkan bí gíráàmù 45 sí 50, èyí tó dára jù nínú wọn kì í sì í gbà ju nǹkan bí 3,500mAh lọ. Power bank tó bá ní òun jẹ́ 50,000mAh nílò irú bátìrì bẹ́ẹ̀ 15 ó kéré tán, tó túmọ̀ sí pé ó gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 600 lọ kí páálí rẹ̀ tó kún un. Gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹja dídì ní ọjà, ẹ fi sórí òṣùwọ̀n rẹ̀. Bó bá wọn bí fóònù kan lásán, nǹkan bí gíráàmù 200, iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Dá a padà, má polówó rẹ̀, bó ti wù kí páálí rẹ̀ máa dán tó.

Lẹ́yìn náà, lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Jẹ́ kí fóònù rẹ lọ sílẹ̀ dé 10, ṣáàjì rẹ̀ dé 100, kọ àkókò tó gbà. Fọwọ́ kàn án nígbà tó ń ṣiṣẹ́: kó lọ́wọ́ọ́rọ́ kì í ṣe nǹkan, kó gbóná débi tí o kò lè dì í mú jẹ́ ewu iná. Ṣáàjì òun fúnra rẹ̀ kún lóru, wo bó ṣe ń pẹ́ tó, torí níbi tí iná kì í ti í gbé ju wákàtí mẹ́ta lọ, power bank tó nílò wákàtí mẹ́wàá kó tó kún kò wúlò tó bí wọ́n ṣe ní.

Ìkejì ni ẹ̀rọ ìfín-oògùn tó ń gba lítà 16, èyí tí àwọn àgbẹ̀ wa ń lò fún koríko oko kaṣú àti ti àgbàdo. Má fi oògùn dán an wò, omi tó mọ́ ni. Rọ omi kún un, gbé e sórí sìmẹ́ńtì gbígbẹ di ọjọ́ kejì. Bí sìmẹ́ńtì bá tutù nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń jò. Wá gbé e kọ́ ẹ̀yìn, fa ọwọ́ rẹ̀ títí yóò fi le, wo ibi mẹ́rin: ìdérí, ibi tí rọ́bà ti so mọ́ ìdí tánkì, ibi tí ọwọ́ ń tẹ̀ láti jẹ́ kí omi jáde, àti ẹnu tó ń fọ́n. Ìdérí tó ń jò ló burú jù nínú gbogbo wọn. Oògùn koríko á máa kán sí ẹ̀yìn àgbẹ̀ láti àárọ̀ dọ́sàn-án, á sì gba ara wọlé láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Fín omi sínú ife ìwọn fún ìṣẹ́jú kan gééré, kọ iye tó jáde. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, ẹ̀rọ náà kò dúró sójú kan, àgbẹ̀ tó bá lò ó máa pa koríko níbì kan, á fi ti ibòmíràn sílẹ̀, á sì tún máa jó ewé ohun ọ̀gbìn rẹ̀. Fín in sórí ilẹ̀ gbígbẹ kí o rí bó ṣe ń tàn: ó yẹ kó tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, kì í ṣe kó máa já bọ́ ní kíkán ní ẹ̀gbẹ́ kan.

Ohun tí ọ̀pọ̀ alágbàtà kì í bèèrè ni èyí: bí wọ́ṣà rọ́bà inú rẹ̀ bá jẹ, ṣé a lè rí i rà ní ọjà Kàbà? Tú u, yọ wọ́ṣà náà, mú un lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò àgbẹ̀, bèèrè. Bí kò bá sí, ẹ̀rọ náà á di ìdọ̀tí lọ́dún kejì. Ìyẹn nìkan tó fún ọ láti má polówó rẹ̀, bó bá tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí iná lónìí.

Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìdánwò tirẹ̀. Rà á, kà á tàbí wò ó parí, ṣe iṣẹ́ tó ní kí o ṣe. Bí ohun tí ẹ̀kọ́ náà ń kọ́ni kò bá ju bí a ṣe máa ta ẹ̀kọ́ kan náà fún ẹlòmíràn lọ, pa á tì. Kọ̀wé sí ẹni tó ni ín pẹ̀lú ìbéèrè kan kí o wo ọjọ́ tó máa gbà kó tó fèsì. Má gbé screenshot owó tó wọlé fún ọ sójú táyé láti fi tà á. Ẹni tó bá rà á nítorí owó tìrẹ, owó rẹ ló rà, kò rí ẹ̀kọ́ kankan rà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ka àdéhùn ètò náà kí o tó gba líǹkì

Wo ohun márùn-ún: iye kọmíṣọ̀n, iye ọjọ́ tí kúkì wọn ń gbé, ìgbà tí wọ́n ń sanwó àti iye tó kéré jù tí wọ́n lè san, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí oníbàárà bá dá ọjà padà, àti ibi tí wọn kò gbà kí o gbé líǹkì sí.

Kúkì ni àmì tí líǹkì rẹ fi sílẹ̀ lórí fóònù ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ti Amazon ń gbé wákàtí 24, àfi bí oníbàárà bá ti kó ọjà náà sínú apẹ̀rẹ̀ kí àkókò náà tó pé. Àwọn ètò mìíràn ń fún ní ọgbọ̀n ọjọ́. Kúkì kúkurú ló ń jẹ́ kí àwọn kan máa pariwo “ẹ rà á lónìí, ó ti ń tán lọ”. Má bá wọn ṣe é. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá fẹ́ ronú sí i di òpin oṣù, jẹ́ kó ronú, kí o tún fi líǹkì ránṣẹ́ sí i nígbà náà.

Ti Amazon yìí kan ẹni tó ní àwọn ènìyàn tó wà ní Amẹ́ríkà tàbí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń tẹ̀lé ohun tó ń kọ. Wọ́n á pa àkáǹtì rẹ bí o kò bá ta ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ 180 àkọ́kọ́. O ò gbọdọ̀ tibi líǹkì ara rẹ rà. Wọ́n ní gbólóhùn tiwọn tí o gbọ́dọ̀ kọ síbi tí líǹkì wà láti fi hàn pé owó ń wọlé fún ọ. Má kọ iye owó ọjà wọn síbẹ̀ fúnra rẹ, torí ó ń yí padà láàárín wákàtí.

Bí oníbàárà bá dá ọjà padà, kọmíṣọ̀n rẹ bá a lọ. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń di owó mú fún ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó san án. Má ná owó tó ṣì wà lábẹ́ “ń dúró” (pending).

Ohun kan wà tó jẹ́ tiwa ní pàtàkì: ibi tí wọ́n ń gbé ọjà dé. Ọjà tí wọ́n já sí Lọ́kọ́ja, tí èèyàn tún máa wọkọ̀ lọ gbé, kì í ṣe iye tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ẹni tó wà ní Odò-Ẹ̀rẹ̀ tàbí Ẹ̀gbẹ̀ máa ṣírò owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ mọ́ ọn, bí ó bá sì fẹ́ dá a padà, ẹ̀ẹ̀mejì ni. Gbìyànjú kí o fi àdírẹ́sì Kàbà, Ìsánlú àti Mọ̀pà wò ó kí o tó polówó, kí o rí iye tí wọ́n máa béèrè. Ìgbà míràn, ohun kan náà wà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Kàbà ní owó tó kéré sí i. Sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n máa ń sọ pé alágbàtà ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Ẹni tó bá rán oníbàárà lọ síbi tó gbé pọ́ọ́kú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á tà lọ́jọ́ mìíràn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kọ ọ́ bí ẹni tó ń bá ará ilé sọ̀rọ̀

Ìpolówó tó dára ní ẹni tí ọjà wà fún, ẹni tí kò wà fún, àléébù kan, àti ìsọfúnni nípa kọmíṣọ̀n kí líǹkì tó dé. Èyí ni àpẹẹrẹ:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Power bank 10,000mAh rèé, mo ti lò ó dáadáa kí n tó gbé e wá. Bí iná bá lọ, ó máa gba fóònù ẹyọ kan kún lẹ́ẹ̀kan, á sì kù díẹ̀. Kò lè gbé láptọ́ọ̀pù, kò sì lè gbé fáànù tó ń lo iná ilé. Wáyà tó bá a wá kò lágbára, wáyà tiyín ni kẹ́ ẹ lò. Ẹni tó ní fóònù méjì, ẹ má ra èyí, ó máa kéré fún yín. Kẹ́ ẹ tó tẹ líǹkì: bí ẹ bá tibẹ̀ rà á, wọ́n máa fún mi ní owó díẹ̀, iye tí ẹ máa san kò yí padà.”

Rí i dájú pé gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn jẹ́ òótọ́ kí o tó kọ ọ́. Fi fóònù mìíràn wo ọjà náà láìlo líǹkì rẹ, fi iye méjèèjì wéra. Má fi ìsọfúnni kọmíṣọ̀n pamọ́ sí ìsàlẹ̀ níbi tí ojú kò ní dé, má sì fi lẹ́tà bíńtín kọ ọ́. Lórí fídíò, fi ẹnu sọ ọ́. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá sọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò ní rà. Nílẹ̀ Òkun, gbogbo ènìyàn ti mọ̀ pé èèyàn kì í polówó lásán. Ohun tó ń bí wọn nínú ni kí wọ́n wá mọ̀ lẹ́yìn.

Bí Màmá kan bá fi ohùn ránṣẹ́ pé “Ọmọ mi, ṣé èyí lè gbé fáànù mi?”, dá wọn lóhùn tààrà: “Rárá, Màmá, kò lè gbé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á.” Má sọ pé “ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò”. Owó tí wọ́n máa fi gbìyànjú, ti iṣu ni.

Ohun tí o kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn

Ètò ìdókòwò tó ṣèlérí èrè, tó sì ń fún ọ ní bónọ́ọ̀sì lórí ẹni tí o mú wá, jọ iṣẹ́ alágbàtà lójú, líǹkì kan náà ni. Kì í ṣe ọ̀kan náà. Nígbà tí MMM di owó àwọn ènìyàn mú ní Nàìjíríà ní oṣù Kejìlá 2016, àti nígbà tí CBEX wó ní oṣù Kẹrin 2025, ọ̀pọ̀ tó pàdánù owó ló jẹ́ pé líǹkì ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n bá wọlé. Òfin ìdókòwò tuntun ti 2025 ti sọ irú ètò bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tó gbé ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́. Bí ètò kan bá ní òun forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìdókòwò, wá orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ SEC fúnra wọn. Má wo ìwé ẹ̀rí tí wọ́n gbé sórí pátákó wọn.

Áàpù tó ń yáni lówó: FCCPC ní àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí. Èyí tí kò sí níbẹ̀, má gbé e. Kódà èyí tó wà níbẹ̀, rò ó wò dáadáa kí o tó jẹ́ ẹni tó fi gbèsè han aládùúgbò rẹ. Tẹ́tẹ́ náà, fi sílẹ̀.

Bí ọjà ilé wa bá wù ọ́

Kò di dandan kí líǹkì wá láti ilé iṣẹ́ ńlá. Ògìdì ní Ìjùmú, ìlú Nike Davies-Okundaye, gbajúgbajà oníṣẹ́ ọnà aṣọ, ti pẹ́ tó ti ń hun aṣọ. O lè bá ahunṣọ kan ṣe àdéhùn tìrẹ: ẹnikẹ́ni tó bá dárúkọ kóòdù rẹ nígbà tó ń béèrè, ahunṣọ á yọ 10 nínú 100 fún ọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, bó bá tiẹ̀ jẹ́ lórí WhatsApp: iye ìdá, ọjọ́ ìsanwó, ẹni tó máa gbé aṣọ lọ sí gáréèjì, àti ohun tí ẹ máa ṣe bí oníbàárà bá ní àwọ̀ kò bá a mu.

Àwọ̀ ni wàhálà àkọ́kọ́. Ya fọ́tò aṣọ lábẹ́ òjìji ní ọ̀sán, má yà á lábẹ́ gílóòbù, má sì fi ohunkóhun tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe. Ìkejì ni kí aró má máa ṣí. Mú aṣọ funfun tó tutù, fi pa igun aṣọ náà lẹ́ẹ̀mẹwàá sí ogún. Bí funfun náà bá yí padà, sọ fún oníbàárà pé kó máa dá fọ̀ ọ́ nínú omi tútù, tàbí kí o ní kí ahunṣọ pààrọ̀ òwú. Wọn aṣọ fúnra rẹ pẹ̀lú tépù. “Ó tó ìró kan” kò tó fún ẹni tó ń sanwó láti Jos.

Lẹ́yìn títà

Ní ọjọ́ keje lẹ́yìn tí ọjà dé ọwọ́ oníbàárà, pè é. Bèèrè ohun kan ṣoṣo: “Kí ló bí yín nínú nípa rẹ̀?” Kọ ìdáhùn sílẹ̀ nínú ìwé kan tí o pín sí ọjọ́, orúkọ ọjà, ẹni tó rà á, ẹ̀sùn, àti ohun tí o ṣe sí i. Bí ẹni mẹ́ta bá mú ẹ̀sùn kan náà wá, ẹ̀sùn yẹn gbọ́dọ̀ wọ inú ìpolówó rẹ, tàbí kí ọjà náà kúrò níbẹ̀.

Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, padà tẹ gbogbo líǹkì rẹ. Lórí ọjà ńláńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì, olùtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè wà lábẹ́ ojú ewé kan náà. Èyí tí o dán wò lè ti tán, kí ẹlòmíràn fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀, líǹkì rẹ á ṣì máa ṣiṣẹ́. Wo orúkọ olùtà, wo fọ́tò, ka ohun tí àwọn tó rà á láìpẹ́ kọ, pàápàá àwọn tó fún un ní ìràwọ̀ kan. Bí orúkọ olùtà bá ti yí padà, yọ líǹkì náà títí o fi máa tún dán an wò.

Bí ọjà bá bàjẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà, ọjọ́ kan náà ni kí o yọ líǹkì kúrò, kí o sì kọ ọ́ síbi tí o ti polówó rẹ̀ pé o ti yọ ọ́ àti ìdí rẹ̀. Ran oníbàárà lọ́wọ́ láti dá a padà kí ọjọ́ ìdápadà tó kọjá: fọ́tò ọjà, fọ́tò páálí, nọ́ńbà ìrajà, fídíò kúkurú tó fi ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn. Àwọn àgbàlagbà tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, bá wọn ṣe é lórí fóònù wọn níwájú wọn, má gba ọ̀rọ̀ aṣínà wọn. Má ṣèlérí pé ìwọ fúnra rẹ máa san owó náà padà, àyàfi bí o bá ti sọ ohun tí kò jóòótọ́ nípa rẹ̀. Nígbà yẹn, san án. Bí ilé iṣẹ́ bá kọ̀ láti dáhùn, oníbàárà lè kọ ẹ̀sùn sí FCCPC pẹ̀lú àwọn fọ́tò àti ìwé ìsanwó yẹn, orúkọ olùtà tí ẹ kọ sílẹ̀ níbi ìrajà ni kí ẹ sì fi síbẹ̀, kì í ṣe orúkọ ìkànnì tí wọ́n gbé ọjà náà sí nìkan.